Ta ló ń gbé bébà ró? Owó tí Amẹ́ríkà ná kí ó tó di Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti ṣẹ́ dọ́là rí lọ́dọ̀ àwọn mọ́là yóò mọ ojú bàbá kan: iwájú orí rẹ̀ ti pá, irun ẹ̀yìn rẹ̀ gùn dé èjìká, ó sì panu mọ́ bí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ. Benjamin Franklin ni, atẹ̀wé kan tó wà lára àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀. Òun ló wà lára ọgọ́rùn-ún dọ́là. Nítorí pé ọdún 2026 yìí ló pé 250 ọdún tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira, àwòrán bàbá yìí tún ti gbòde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ní ó sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí èmi nìkan lórí WhatsApp.

Ohun tí wọ́n ní ó sọ ni pé nígbà tó dé London, wọ́n bi í léèrè ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ rọ́wọ́ mú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn fúnra àwọn ló ń tẹ owó àwọn, àwọn kò sì san èlé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní bí báǹkì ńlá London ṣe gbọ́ báyìí, ó ní kí ìjọba fòfin dè é, kò sì pé ọdún kan tí ìṣẹ́ fi gba ìgboro. Wọ́n ní ohun tó fa ogun òmìnira gan-an nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ owó orí tíì tí wọ́n máa ń kọ́ni nínú ìtàn kàn jẹ́ àwáwí.

Franklin kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí nínú ìwé tó kọ, kò sí nínú lẹ́tà rẹ̀, kò sí nínú àkọsílẹ̀ ohun tó sọ níwájú àwọn aṣòfin. Ọdún 1790 ló kú, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kò jìnnà sí ilé òtítọ́. Owó bébà wà lóòótọ́, Franklin tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, ìjọba London sì fòfin dè é lóòótọ́. Ohun tí irọ́ náà fò dá ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: kí ló mú kí bébà kan náà níye lórí níbì kan, kí ó sì di ìdọ̀tí níbòmíràn?

Ilẹ̀ tí kò ní kọ́bọ̀

Ìṣirò owó Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilẹ̀ amúsìn mẹ́tàlá tó wá di Amẹ́ríkà ń lò. Àwọn àgbà wa tó náwó kí náírà tó dé ní 1973 mọ̀ ọ́n dáadáa: kọ́bọ̀ 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Àmọ́ inú ìwé lásán ni ìṣirò náà wà, owó gan-an kò sí nílẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí fàdákà rẹ̀ máa lọ sí òkè òkun, kò sì gbà kí àwọn ará ibẹ̀ rọ tiwọn. Èyí tó bá ṣèèṣì bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nípa òwò, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e padà sí London láti fi san owó aṣọ, ìṣó, abọ́ àti tíì.

Massachusetts gbójú lé e lẹ́ẹ̀kan. Ní 1652, nígbà tí kò sí ọba lórí ìtẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí John Hull, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Boston, máa rọ ṣílè fún wọn. Ó ń rọ ọ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ṣílè tó rọ lẹ́yìn ogún ọdún pàápàá, 1652 náà ni wọ́n kọ sí i lára. Bí ọba bá béèrè, ṣebí ìgbà tí kò sí nílé ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n ń ná. Ní ìhà àríwá, ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun tí àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní wampum, ni owó. Ara ìkarahun inú òkun ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, funfun àti àlùkò, àlùkò kan sì tó funfun méjì. Massachusetts sọ ọ́ di owó tí òfin mọ̀ ní 1637. Ọmọ Yorùbá tó bá mọ ìtàn owó ẹyọ kò ní ṣe háà sí èyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn parí sí pàápàá jọra. Nígbà tí irin tí wọ́n fi ń lu ìkarahun dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wampum pọ̀ bí eèpẹ̀, iye rẹ̀ já, Massachusetts sì yọ òfin kúrò lẹ́yìn rẹ̀ ní 1661. Nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣòwò Jámánì ṣe irú ẹ̀ fún wa, nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó ẹyọ Zanzibar wá sí Èkó títí tí àpò ẹyọ kan kò fi tó nǹkan kan mọ́.

Ní Virginia, tábà ni owó. Ní nǹkan bí 1620, ilé-iṣẹ́ tó dá ilẹ̀ náà sílẹ̀ kó àwọn wúńdíá wá láti ìlú òyìnbó kí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lè rí ẹni fẹ́. Ẹni tó bá mú ìyàwó yóò san ìwọ̀n pọ́n-ùn 120 tábà tó dára. Ẹ má pè é ní owó orí ìyàwó o, owó ọkọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń gbà. Tábà náà ni wọ́n fi ń sanwó fún àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ìwọ̀n pọ́n-ùn 16,000 lọ́dún kan. Nígbà tí ọ̀dá mú kí tábà wọ́n ní 1758, àwọn aṣòfin Virginia yára ṣòfin pé kọ́bọ̀ méjì-méjì ni kí wọ́n máa ṣírò ìwọ̀n pọ́n-ùn tábà kan fún àlùfáà, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi kọ́bọ̀ mẹ́fà ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Ọba fagi lé òfin náà, àlùfáà James Maury sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1763, agbẹjọ́rò kékeré kan, Patrick Henry, dìde lòdì sí i, ó ní ọba tó bá ń fagi lé òfin rere ti sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ nù lórí àwọn ènìyàn rẹ̀. Owó ìtanràn tí àwọn adájọ́ aráàlú ní kí wọ́n san fún Maury kò ju kọ́bọ̀ kan ṣoṣo. Ibi ọ̀rọ̀ owó ni ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kọ́kọ́ mú sí ọba.

Owó fàdákà tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ti Sípéènì ni. Láti Mẹ́síkò àti Peru ló ti ń wá, wọ́n ń pè é ní dọ́là, wọ́n sì ń gé e sí ẹ̀là mẹ́jọ bí ẹni gé iṣu nígbà tí kò bá sí ṣẹ́ńjì. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tó ń kà á sí. Ní London, ṣílè mẹ́rin àti sísì kan, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà. Ní Boston, ṣílè mẹ́fà. Ní Philadelphia, ṣílè méje àti sísì kan. Ní New York, ṣílè mẹ́jọ. Owó kan náà, tí kò yí padà lára, ló ń yí orúkọ padà lójú ọ̀nà.

Ogun tí kò rí ìkógun mú bọ̀

Ní 1690, Massachusetts kó ọmọ ogun jọ lábẹ́ Sir William Phips láti lọ gba ìlú Quebec lọ́wọ́ àwọn Faransé. Ìṣirò wọn rọrùn: ìkógun ni wọn yóò fi sanwó fún àwọn ológun. Quebec kò ṣeé gbà. Àwọn ọmọ ogun padà dé Boston pẹ̀lú òtútù àti àrùn ìgbóná, wọ́n ń béèrè owó iṣẹ́ wọn, àpò ìjọba sì ṣófo. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn aṣòfin Massachusetts tẹ bébà £7,000, wọ́n sì fi san owó fún wọn. Nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ìjọba kankan kò tíì tẹ irú bébà bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ti àwọn Faransé tí wọ́n lọ bá jà gan-an: ní 1685, ọ̀gá kan níbẹ̀, Jacques de Meulles, ti gba káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́, ó buwọ́ lù wọ́n, ó sì ní kí àwọn ológun máa ná an.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí ni kókó wà. Kò sí lára bébà Boston pé ẹni tó bá mú un wá yóò gba fàdákà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìjọba jẹ ẹni tó mú un lọ́wọ́ ní gbèsè, àti pé akápò yóò gbà á bí owó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó fún ìjọba.

Ẹ wò ó báyìí. Onílé kan jẹ bíríkìlà lówó, kò sì ní owó lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sí bébà, ó ní: “Ẹnikẹ́ni tó bá mú èyí wá, mo gbà á bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú owó ilé.” Bíríkìlà kì í gbé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ogún ló wà níbẹ̀ tí owó ilé ń lé bọ̀. Bíríkìlà yóò fi bébà náà ra ìrẹsì lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ìyẹn yóò fi san owó ilé, onílé yóò gba bébà rẹ̀, yóò sì fà á ya. Gbèsè tán. Bí onílé bá wá kọ igba irú bébà bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé owó ilé ogún yàrá péré ló ní, ta ni yóò gbà á? Bí ayálégbé bá sì mọ̀ pé onílé kì í lè gba owó ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́?

Àwọn ológun Boston kọ́kọ́ ń ta bébà wọn ní ẹ̀dínwó, nítorí pé ẹnu ń kọ ìjọba. Ìjọba wá fi ìdẹ sí i: ẹni tó bá fi bébà san owó orí, wọn yóò kà á ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ. Ní kíá, àwọn tó ní owó orí láti san bẹ̀rẹ̀ sí í wá bébà kiri. Ó sì dúró. Èyí tó bá padà dé ọ̀dọ̀ akápò, iná ló kàn.

Atẹ̀wé tó fi ewé dènà olè

Pennsylvania gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1723, wọn kì í fi bébà san gbèsè ogun nìkan, wọ́n ń yá àgbẹ̀ ni. Àgbẹ̀ yóò fi ilẹ̀ tí iye rẹ̀ tó ìlọ́po méjì owó náà dógò, yóò san èlé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, yóò sì dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ. Wọ́n fi ààlà sí i pé kò sí ẹni tó lè yá ju £100 lọ, kí àwọn olówó má bàa kó gbogbo rẹ̀. Èlé tó ń wọlé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti owó orí ọtí ni ìjọba fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ẹ rántí pé WhatsApp ní wọn kò san èlé fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n san án dáadáa. Ìjọba tiwọn ni wọ́n ń san án fún, ọgbọ́n ibẹ̀ sì nìyẹn.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi dógò níbi gbogbo o. Ní South Carolina, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀yáwó yìí ní 1712, ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó lè fi àwọn ọmọ Áfíríkà tó kó lẹ́rú dógò. Ènìyàn ló wà lẹ́yìn bébà ibẹ̀.

Ní 1729, Franklin, ọmọ ọdún 23, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láti fi gbè sẹ́yìn owó bébà. Ìwé náà wọ àwọn aráàlú lára, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé aṣòfin sì gbé iṣẹ́ títẹ owó náà fún un. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nínú ìtàn ìgbésí ayé tó kọ pé iṣẹ́ náà mówó wọlé gan-an. Mi ò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ atẹ̀wé lórí bí owó títẹ̀ ṣe dára tó, kí ó rántí ohun tí atẹ̀wé ń jẹ.

Ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹnikẹ́ni lọ ṣá. Àwọn ayédèrú ń dààmú gbogbo ilẹ̀, nítorí pé lẹ́tà àti àmì tí ẹnì kan bá gbẹ́, ẹlòmíràn lè gbẹ́ ẹ. Franklin wá ro ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò lè gbẹ́. Ó já ewé, ó fi ojú ewé náà ṣe àwòṣe, ó yọ́ òjé sí i, ó sì fi òjé náà tẹ ẹ̀yìn owó láti nǹkan bí 1737. Ẹ mú ewé kan sọ́wọ́ kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: iṣan àárín nípọn, àwọn tó yà lára rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn tó tún yà lára ìyẹn dà bí òwú aláǹtakùn. Kò sí ewé méjì tó bára mu. Ní 2023, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Notre Dame yẹ àwọn owó wọ̀nyí wò, wọ́n sì bá òwú aláwọ̀ búlúù nínú bébà, pẹ̀lú kóro òkúta dídán tó ń kọ mànà. Dọ́là tí a ń gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀ lónìí láti wá okùn inú rẹ̀, ìmọ̀ bàbá tó wà lára rẹ̀ ni. Lára ọ̀pọ̀ owó tó tẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé ikú ni èrè ẹni tó bá ṣe ayédèrú.

Ikú náà kì í ṣe àwàdà. Wọ́n yẹgi fún Owen Sullivan, ògbóǹtarìgì ayédèrú kan, ní New York ní 1756. Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ràn nínú gbogbo wọn ni Mary Butterworth, ìyàwó ilé kan ní Rehoboth, Massachusetts. Ayédèrú mìíràn a máa gbẹ́ àwo bàbà, àwo bàbà náà ni ọlọ́pàá yóò sì rí nílé rẹ̀. Màmá yìí kò gbẹ́ nǹkan kan. Ó mú aṣọ mùsílíìnì tó ti fi sítáàṣì ṣe, ó rin ín lómi díẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé ojúlówó owó, ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Yíǹkì owó náà yóò fà mọ́ aṣọ. Yóò gbé aṣọ náà lé bébà funfun, yóò tún fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, àwòrán owó yóò jáde fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó mọ kálámù mú yóò wá tẹ̀lé ojú ìlà títí tí yóò fi dúdú dáadáa. Aṣọ náà? Iná ló sọ ọ́ sí. Wọ́n mú un ní 1723, ṣùgbọ́n inú ilé tí kò sí nǹkan kan ju áyọ́ọ̀nù àti sítáàṣì lọ, kí ni wọn yóò gbé lọ síwájú adájọ́? Wọ́n tú u sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gbàgbé iná

New England, ìyẹn Massachusetts àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní àríwá, kò ní sùúrù Pennsylvania. Rhode Island ń tẹ bébà ẹ̀yáwó lé bébà ẹ̀yáwó láti 1715, ìlú kékeré tí bébà rẹ̀ ń kún ọjà gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Massachusetts náà ń sún ọjọ́ tí wọn yóò gba owó orí láti fi kó bébà wọlé síwájú, lọ́dọọdún. Bébà ń jáde, kò padà. Àwọn tó jìyà rẹ̀ jù ni opó àti àlùfáà, àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kì í yí padà bí ọjà bá yí padà.

Ogun ló kó wọn wọ̀ ọ́, ogun náà ló yọ wọ́n. Ní 1745, Massachusetts ṣe agbátẹrù ogun tó gba Louisbourg, ilé olódi àwọn Faransé. Ìjọba London gbà láti dá owó tí wọ́n ná padà, £183,649. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1749, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ sí Boston pẹ̀lú àpótí dọ́là Sípéènì 217 àti àgbá owó bàbà 100. Thomas Hutchinson, òṣèlú kan níbẹ̀, ti gba àwọn aṣòfin níyànjú pé kí wọ́n fi fàdákà náà ra gbogbo bébà àtijọ́ padà, kí wọ́n sì sun ún. Dọ́là kan gba bébà ṣílè 45, dọ́là tí wọ́n ní ṣílè mẹ́fà ni nígbà kan. Ẹ fi pín ara wọn, ẹ ó rí bí bébà náà ti já tó.

London kò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Òfin 1751 sọ fún New England pé wọn kò gbọ́dọ̀ tẹ bébà tí wọn yóò fi tipá mú olówó gbà fún gbèsè. Òfin 1764 nà án dé gbogbo àwọn ilẹ̀ amúsìn yòókù. Báǹkì London kọ́ ló sì wà nídìí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí WhatsApp ṣe wí. Àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn olóko tábà Virginia jẹ lówó ni, àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n fi bébà tó ti já san gbèsè pọ́n-ùn gidi fún wọn.

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní 1766, John Robinson kú ní Virginia. Òun ni olórí ilé aṣòfin, òun náà ni akápò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sun bébà tó bá ti tipa owó orí padà wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti kó ohun tó lé ní £100,000 nínú bébà tó yẹ kí ó ti jóná, ó yá a fún àwọn olóko ńláńlá tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Nàìjíríà, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1766 yẹn náà ni Franklin dúró níwájú ilé aṣòfin London, tí wọ́n bi í léèrè ìdí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi bọ̀wọ̀ fún ilé náà mọ́. Èyí ni ohun tó sọ gan-an, ó wà lákọsílẹ̀. Ó ní ìdí náà pọ̀: ìdènà tí wọ́n fi sí òwò tí fàdákà fi ń wọlé, òfin tó ní kí wọ́n má ṣe owó bébà mọ́, owó orí ìwé òǹtẹ̀ tuntun tí wọ́n gbé lé wọn lórí, àti ẹjọ́ tí wọ́n ń gbọ́ láìsí adájọ́ aráàlú. Bébà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀hónú wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Dọ́là tí wọ́n fi lẹ ajá

Nígbà tí ogun òmìnira bẹ́ ní 1775, ìgbìmọ̀ àwọn ilẹ̀ mẹ́tàlá náà ní Philadelphia kò ní fàdákà, kò ní báǹkì, kò sì ní àṣẹ láti gba owó orí lọ́wọ́ ènìyàn kankan. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n pàṣẹ bébà mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń buwọ́ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin 28 ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà, dọ́là kan àti ìdámẹ́ta ni owó iṣẹ́ wọn lórí ẹgbẹ̀rún bébà. Franklin lọ́wọ́ nínú àwòrán ara rẹ̀: lára ti dọ́là mẹ́fà, ẹranko bíbà ń fi eyín gé igi ńlá lulẹ̀ díẹ̀díẹ̀, igi yẹn sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Boston, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan, Paul Revere, kò rí bàbà tuntun rà láti fi gbẹ́ owó Massachusetts, ó bá dojú àwo tó ti fi tẹ àwòrán ìpakúpa Boston, níbi tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn pa àwọn aráàlú ní 1770, délẹ̀, ó gbẹ́ owó sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ onílé wa. Ìgbìmọ̀ yìí ni onílé tí kò lè gba owó ilé. Ó ń bẹ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n gba owó orí kí wọ́n fi kó bébà wọlé, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ń tẹ bébà tiwọn lọ ràì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Ní New York tí wọ́n dì mú, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn ní oṣù Kẹrin ọdún 1777 pé ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lọ sí àwọn ilẹ̀ yòókù lè gba ayédèrú owó ìgbìmọ̀, iye tí bébà òfìfo tó nìkan ni yóò san. Ní ìparí 1779, ohun tí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 241 dọ́là.

Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, George Washington, ọ̀gá àgbà ológun wọn, kọ̀wé sí John Jay, olórí ìgbìmọ̀ náà, pé kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tó kún fún owó ni agbára káká kó fi ra kẹ̀kẹ́ ẹrù kan oúnjẹ. Àwọn ọ̀gá ológun New Jersey náà fi ẹ̀sùn kan pé owó oṣù mẹ́rin tí ológun ń gbà kò lè ra òṣùwọ̀n àlìkámà kan fún ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ń jà lójú ogun ni bébà ń já mọ́ lọ́wọ́. Owó orí tí kò sí ẹni tó lè gbà ní gbangba, ọ̀wọ́n gógó ló bá wọn gbà á lábẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì jáde lápò ẹni tí kò lè pa owó rẹ̀ dà sí ilẹ̀ tàbí fàdákà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1780, ìgbìmọ̀ fẹnu ara rẹ̀ kéde pé bébà ogójì ni dọ́là fàdákà kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 1781, kò sí ẹni tí ń gbà á mọ́. Ní Philadelphia, àwọn kan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ìgboro, wọ́n fi dọ́là ṣe òdòdó sí fìlà, wọ́n sì ń fa ajá kan tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn, tí wọ́n wá lẹ owó mọ́ ọn lára láti orí dé ìrù. Títí di òní, àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi orúkọ owó yẹn, Continental, pe ohun tí kò níye lórí.

Wọ́n borí ogun náà, ẹ má gbàgbé. Bébà yẹn ló gbé wọn dé ìdajì ọ̀nà kí owó Faransé tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ kò kúrò lára àwọn tó kọ òfin ilẹ̀ wọn ní 1787. Wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìpínlẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ rọ owó, kò gbọ́dọ̀ tẹ bébà gbèsè, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ohunkóhun di owó gbèsè ju wúrà àti fàdákà lọ. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bébà tó ń káàkiri bí owó títí tí ogun abẹ́lé fi dé ní 1861. Ní 1792, dọ́là Sípéènì ni wọ́n gbé lé òṣùwọ̀n láti mọ iye fàdákà tí tiwọn yóò ní, òfin sì fàyè gba ti Sípéènì lọ́jà wọn títí di 1857. Kọ́bọ̀ tiwọn, ìyẹn sẹ́ǹtì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà rọ ní Philadelphia lẹ́yìn náà, ní 1793, oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni wọ́n tó ṣíwọ́ rírọ rẹ̀ fún ìnáwó, nígbà tí rírọ ọ̀kan ti ń ná wọn ní nǹkan bíi kọ́bọ̀ mẹ́rin.

Ní ti bébà ogun náà, òfin 1790 ní kí ẹni tó bá ṣì ní i lọ́wọ́ mú un wá, ọgọ́rùn-ún dọ́là rẹ̀ yóò gba ìwé gbèsè ìjọba tó tó dọ́là kan. Ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Lónìí, àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń rà wọ́n, èyí tí ara rẹ̀ ṣì dá sì máa ń gbà ju ọgọ́rùn-ún dọ́là olórí Franklin kan lọ. Wọ́n ń ra àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ayédèrú náà.